Ìwé Àwìn

Mo háyà ilé kan ní Askerdale,
abúlé olókùúta láàárín òkè méjì ní Yorkshire,
níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ,
tí òjò máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn.

Ìsọ̀ ni ilé náà tẹ́lẹ̀.
Fèrèsé iwájú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ bí ojú ẹni tó ń retí àlejò.
Agogo kékeré ṣì so rọ̀ lókè ilẹ̀kùn;
bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, yóò dún, tíín!
Kò sì sí ẹni tí yóò bi mí pé: kí lẹ fẹ́ rà?

Lókè àjà ni mo ti rí ìwé àwìn,
nínú agolo bísíkíìtì tó ti dípẹtà.
Nílé wa ní Ìkirè, ara ògiri la máa ń kọ ọ́ sí:
Àwìn lónìí, ìjà lọ́la.
Níhìn-ín, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ra àwìn,
n kò sì rí ibi tí ìjà gbé ṣẹlẹ̀.
Àfi ẹ̀ẹ̀kan, nítorí wàràkàṣì.

Hepzibah Raistrick ló kọ́kọ́ mú gègé.
Ihò òjé ti wó pa ọkọ rẹ̀;
ó ṣí fèrèsé yàrá iwájú, ó gbé pákó lé e,
ó to àbẹ́là, iyọ̀, ọṣẹ, ìṣó, okùn bàtà.
Kò mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n yà:
ó ya ìwo àgbò fún darandaran,
ó ya òòlù fún alágbẹ̀dẹ,
fún oníwàásù, ó ya ẹnu,
ẹnu tó là gbàǹgbà, tó jẹ gbèsè ṣúgà wọ sàréè.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ambrose, ló jogún òṣùwọ̀n.
Ó ń wọn tíì, ó ń wọn ìyẹ̀fun, kò jẹ́ kó wọ́n.
Nígbà ogun tí ìjọba ń fi tíkẹ́ẹ̀tì pín oúnjẹ,
tí bọ́tà ọ̀sẹ̀ kan kò ju àtàǹpàkò lọ,
wọ́n ní ó máa ń ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn
kí gbogbo ayé lè rí i pé òun ò tẹ òṣùwọ̀n.

Ojú ewé kejìdínláàádọ́rùn-ún:
Wilf Outhwaite. Sìgá, páálí méjì. Okùn bàtà kan.
Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú tàdáwà mìíràn: Ó ti san.
Mo lọ wo òkúta ìrántí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.
Wilf ti kú sétí òkun Faransé
ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ pé ó san.
Ta ló san án?
Mo pa ìwé náà dé. Mo tún ṣí i.

Lẹ́yìn náà, mọ́tò dé, fíríìjì dé,
ilé ìtajà ràgàjì dé sí ìlú ìsàlẹ̀,
níbi tí ilẹ̀kùn ti ń dá ara rẹ̀ ṣí, tí kì í kí ènìyàn.
Ohun tí wọ́n bá gbàgbé níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá rà nílé Raistrick:
sítáǹbù kan, wàrà ìgò kan,
àbẹ́là nígbà tí yìnyín bá já wáyà iná.
Ohun tí a kò rà níí jẹrà.
Tòmátò ló kọ́kọ́ lọ, káróòtì tẹ̀ lé e,
ìsọ̀ wá tẹ̀ lé káróòtì.

Dorcas, ọmọ Ambrose, ló ti ilẹ̀kùn kẹ́yìn.
Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún báyìí
nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru.
Ó ti gbàgbé ọkọ, ó ti gbàgbé oṣù,
ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ bá ti dún,
á dìde jókòó, á gbọ́wọ́ lé etí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni gbé e lé káńtà:
"Kí ni kí n bá ọ mú?"

Lálẹ́ àná, mo dáhùn:
"Àbẹ́là méjì, màmá. Owó ò sí lọ́wọ́ mi."
Ó wò mí títí.
"Orúkọ?"
"Ìbídàpọ̀."
Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á tì,
ó wá fìka ya nǹkan kan sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì.
Iná yàrá ti rẹlẹ̀; n kò rí ohun tó yà.