Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìnkùlé Yèyé

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìrójò kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń rìn,
ilẹ̀ tí à ń bọ́ ni.
Ó dagẹ̀ẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná
dé ìdí ewúro, dé ìdí kókò Yèyé.
Bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ yín lókè,
ìsàlẹ̀ lẹ ó ti lọ mú un.

Ní oṣù Òkúdù ni Yèyé yọ̀.
Kò ké. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ẹ̀fọ́ lọ́wọ́,
bí ẹni ń dúró de mọ́tò Òṣogbo.
Ìgbà tí mo fi ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀fọ́ ti rọ.
Mo fẹ́ gbé e,
ó ní kí n kọ́kọ́ gba ẹ̀fọ́.

Mo lọ sí Òṣogbo. Lẹ́yìn ibùdó rélùwéè
wọ́n kó igi tó ti sùn lábẹ́ irin láti ayé òyìnbó jọ,
dúdú, wúwo, ihò ìṣó lára wọn gba àtàǹpàkò.
Ẹni tó ń tà wọ́n ní,
"Ọkọ̀ tó gun àwọn wọ̀nyí kọjá,
ẹ̀pà ló kó, màlúù ló kó, sójà ló kó.
Kí ni ẹsẹ̀ ìyá yín fẹ́ fi wọ́n ṣe?"
Mo ra mẹ́jọ.

Bùsúyì bíríkìlà dé tòun ti okùn àti tépù.
"Ínǹṣì méje," ó ní, "níbi gbogbo,
ínǹṣì méje ni ìgbésẹ̀ kan."
Mo ní kó ṣe sùúrù. Mo mú Yèyé dúró ti ògiri,
mo ní kó gbé ẹsẹ̀ dé ibi tí orúnkún ò ti ní ké.
Ó gbé e. Ó dúró. Mo fi èédú fa ilà sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.
Ínǹṣì mẹ́rin.
Obìnrin tó ń fẹsẹ̀ ru kòkó láti Ìpetu rí!
Bùsúyì wo ilà náà, ó ká tépù sápò,
ó ní, "Ẹ lọ ra igi mẹ́fà sí i."

Ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, torí àtẹ̀gùn kì í ti òkè hù.
Ilẹ̀ pupa là. A tẹ́ igi kan gbalaja, a rì í dé ìdajì,
a ki ọ̀pá irin bọ inú ihò rẹ̀:
ihò tí irin àtijọ́ fi sílẹ̀,
irin tuntun wọ̀ ọ́ láìjiyàn.
Òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, a gún un. Yanrìn lórí òkúta.
Lẹ́yìn náà ni kọ́ńkérè pẹlẹbẹ
tí a ti dà sínú férémù lọ́jọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú,
tí mo ń bomi rin láràárọ̀ bí ẹni pé yóò yọ ewé.
Bùsúyì jẹ́ kó tẹ̀ síwájú bín-ín-tín.
"Ẹni bá dí ọ̀nà òjò," ó ní,
"òjò á fi ilé rẹ̀ ṣọ̀nà."
Epo dúdú tí mẹkáníìkì dà nù la fi pa igi lára,
kí ikán gbóòórùn rẹ̀ kó yà.

Ní ìkẹfà, dígà gbé bàtà kan jáde,
sílípáàsì rọ́bà, ẹsẹ̀ òsì, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.
Ta ló ni ín? Àwa márùn-ún la sáré níbí.
Mo wá rántí: lọ́dọọdún, kí òjò tó wọlé,
Yèyé a máa fi etí ọkọ́ gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ sára ilẹ̀ yìí,
tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kékeré, kí itan wa má baà ya.
Lọ́dọọdún lòjò ń pa á rẹ́.
Kò bá òjò jà rí.
Èmi tí mo rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ ronú àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ tó pé mẹ́rìnlá, ó sọ̀ kalẹ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú.
Ó ń kà á lábẹ́ ètè. Ó dúró lórí ìkẹsàn-án.
Mo sáré. Mo rò pé orúnkún ni.
"Rárá o. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń gba atẹ́gùn."
Ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ láti Òkúdù.

Bùsúyì ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan wo ìkẹsàn-án,
ó ní ó fi ìbú irun kan yẹ̀.
"Mo mọ̀," ni Yèyé wí. "Ẹsẹ̀ mi ti sọ fún mi.
Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."
Ó bá ń lọ sídìí ewúro.