Fọ́ọ̀kì Jerneja

Ọdún mọ́kànlá rèé tí fọ́ọ̀kì yìí ti mu epo gbẹ̀yìn;
ó ti gbàgbé ìkúnlẹ̀.
Bó bá pàdé òkúta lórí òkè Pohorje,
ọrùn ọwọ́ Jerneja ló ń bá a kí i.

“Ra tuntun,” ni Matevž wí.
Tuntun wo? Tòde òní sanra nídìí,
ọrùn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ò gbà á.

Ó tú u sórí ìwé ìròyìn àná.
Epo dúdú, òórùn ẹja inú bàtà.
Rọ́bà ti gbó; ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ó fàyà tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́: ṣìììn,
ó kúnlẹ̀, ó dìde,
bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀kọ́ ilé.

Bóòtù kan ṣẹ́ kù.
Jerneja wò ó títí, ó jù ú sápò.