Atukọ̀ Tí Kò Ní Àná

Ní Szeged, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe,
Boróka ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn tí kò sí.
Iṣẹ́ géèmù ni. Yàrá kan, kọ̀ǹpútà mẹ́rin,
òórùn gírísì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé,
odò Tisza ń ṣàn lẹ́yìn ilé, kò kí ẹnikẹ́ni.

Ó dá atukọ̀ kan, ó fi fìlà bò ó lójú,
ó wọ ẹ̀wù òjò fún un, ó balẹ̀ dé kókósẹ̀,
ó ní kó máa gbé èrò kọjá odò inú géèmù náà
ní owó bàbà kan,
tàbí ní ìtàn kan fún ẹni tí kò lówó.
Ọkùnrin ni? Obìnrin ni?
Boróka kò rò ó wò. Kí ló fẹ́ rò ó sí?
Ní èdè Húngárì, fáwẹ̀lì ẹyọ kan ti tó ènìyàn,
bíi tiwa níbí: ó jókòó, ó dìde, ó relé.
Ẹnu á ṣe róbótó, ènìyàn á yọ.

Lẹ́tà dé láti Łódź lọ́jọ́ Ẹtì, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.
Bożydar ló kọ ọ́, ẹni tó ń túmọ̀ géèmù náà sí èdè Pólándì:
"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni atukọ̀ yín jẹ́ gan-an?
Lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá ní òun jẹun lánàá,
ìrù ọ̀rọ̀ náà á ti tú u láṣọ kó tó gbé òkèlè mì.
Egbèje gbólóhùn ni tirẹ̀.
Mi ò lè la ẹnu rẹ̀ láìmọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀wù òjò."

Boróka rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó fèsì: "Èmi náà ò mọ̀. Ẹ má tú u láṣọ."

Oṣù méjì. Bożydar mu kọfí títí ọwọ́ fi ń gbọ̀n.
Ó wá rí ihò kan lára ògiri èdè rẹ̀:
ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan.
Mò ń tukọ̀. Mò ń gbọ́ omi. Mo mọ ojú rẹ.
Ó bá kó gbogbo àná atukọ̀ náà, ó sọ wọ́n di òní,
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Ó ku ẹyọ kan.
Lóru, bí ẹni tó ń gbá géèmù bá fi ìtàn sanwó,
atukọ̀ á fún un ní ṣéńjì, ìtàn tirẹ̀:
"Mo ní ọmọ kan rí. Mo sọ ọ́ nù sínú omi yìí."
"Rí" yẹn nìjàngbọ̀n.
Bożydar pa iná, ó dùbúlẹ̀, oorun kọ̀.
Ní ìdájí ó dìde, ó kọ ọ́ báyìí:

Ọmọ wà.
Omi wà.
Omi wà.

Nígbà tí Boróka rí ìtumọ̀ rẹ̀, ó dìde nídìí kọ̀ǹpútà,
ó lọ dúró lójú fèrèsé tó kọjú sí Tisza.
Nígbà tó padà, ó pa tirẹ̀ rẹ́,
ó kọ ti Łódź síbẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fọ́nnu, èmi tí mò ń sọ èyí.
Òótọ́ ni, láti òkè wá síbí,
n ò sọ irú ẹni tí Boróka jẹ́, tàbí Bożydar,
ẹ ò sì béèrè.
Ṣùgbọ́n bí géèmù náà bá dé ọ̀dọ̀ wa,
a ó fi ẹ̀wù òjò sílẹ̀, a ó máa wo ewú orí:
ta ló ṣàgbà? Ṣé "ó" ni, àbí "wọ́n"?
Ṣé èrò á ní "ìwọ" fún un, àbí "ẹ̀yin"?
Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní oníbodè tirẹ̀,
owó tí wọ́n ń gbà ni kò dọ́gba.

Atukọ̀ náà ṣì dúró, fìlà lójú, àjẹ̀ lọ́wọ́.
Ó nawọ́.
Owó, tàbí ìtàn.