Lẹ́tà Fàdákà

Òjò ń lu Coventry bí ẹni tí ìlú náà jẹ lówó.
Akínpẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ mọ́dìí ọkọ̀ dúdú náà,
ó fi àtàǹpàkò nu lẹ́tà ara bọ́ọ̀tù.

"Nígbà tí mo dé ìlú yìí,
lẹ́tà yìí kì í yọjú kó tó dún.
Ife tíì á ti máa gbọ̀n lórí bẹ́ǹṣì.
Ẹnì kan ní Jámánì ló to ẹ́ńjìnnì rẹ̀,
òun náà ló buwọ́ lù ú,
bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dísẹ́ẹ̀lì,
tó ń húkọ́ jẹ́jẹ́ bí bàbá tó ti fẹ̀yìn tì.
Òwú pupa lára ìjókòó, ọ̀dà pupa lára bíréèkì:
ilà tí wọ́n fi tìróò kọ.
Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀;
lóde òní gbogbo wọn ló tún ń kérora,
láti inú sípíkà.

"Ṣé ká sọ fún Ìyáàfin Pargeter?"
"Owó lẹ́tà ló san. Lẹ́tà ló gbà."

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ tapólì, tirẹ̀ wà níbẹ̀.
Ìpẹtà ti jẹ lẹ́tà rẹ̀ tán.
Ó yí kọ́kọ́rọ́.
Mo di ife mi mú.