Ìwé Aláwọ̀ Búlúù

Kí n tó kúrò níbi iṣẹ́ lálẹ́, mo máa ń bọ́ aṣọ funfun,
n ó ká a sínú báàgì, n ó wọ aṣọ tí kò lórúkọ,
nítorí ní òpópó wa n'Ìjọ̀kà, l'Àkúrẹ́,
aṣọ nọ́ọ̀sì ń sọ fólè pé owó oṣù ti wọlé.
Láti ibi tí ọ̀kadà ti ń já mi sílẹ̀ dé ẹnu géètì,
igba ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́tàdínlógún ni.
Ìbẹ̀rù ló kọ́ mi níṣirò.

Nígbà tí wọ́n fọ́ ilé Ìyá Wúràọlá,
a pe àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kò sí epo lọ́kọ̀.
A ké sí Bàbá Akínnìbòsún, ọdẹ.
Ó ní òun gbọ́, ojú fèrèsé lòun ti ń wò ó:
"Lọ́dún èṣí mo fa olè kan lé wọn lọ́wọ́,
èmi ni wọ́n tì mọ́lé, wọ́n ní ìwé ìbọn mi dà.
Olè sùn sílé rẹ̀. Èmi sùn lórí sìmẹ́ńtì."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pàdé ní kíláàsì aláàkọ́bẹ̀rẹ̀,
àgbàlagbà lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún kan àgbọ̀n.
Sájẹ́ǹtì Terungwa ń pe Ìjọ̀kà
bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.
Bàbá Akínnìbòsún kẹ̀yìn sí i.
Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà;
wọn ò sọ fún wa pé àwọn ìka á kọ́kọ́ bára wọn jà.

Tíṣà Adégoróyè, tó ti fẹ̀yìn tì, mú ṣọ́ọ̀kì:
"Ta ló mọ ọ̀nà ẹ̀yìn odò?" Ọdẹ nawọ́.
"Ta ló láṣẹ láti fi èèyàn sátìmọ́lé?" Sájẹ́ǹtì nawọ́.
"Ta ló lówó epo?" Gbogbo onílé wolẹ̀.
Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́.
Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì ń bọ́ láti àpò.
Déhìndé ọlọ́kadà ní, "Àwa ò lówó, ṣùgbọ́n a kì í sùn."

Ìwé búlúù kan ni wọ́n rà,
nọ́ńbà fóònù, orúkọ ẹni tó ń ṣọ́nà, aago.
Ẹni tó bá mú afurasí kò gbọdọ̀ lù ú:
Tíṣà fa ìlà pupa sábẹ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe pé ayé wá di oyin.
Lóṣù tó kọjá wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ,
owó epo ṣì ń fa awuyewuye.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, bí mo ti sọ̀ kalẹ̀,
mo rí iná tọ́ọ̀ṣì méjì lábẹ́ igi máńgòrò:
ọdẹ àti ọlọ́pàá, àgbàdo sísun kan láàárín wọn,
wọ́n ń jiyàn bóyá ẹsẹ̀ òkété ni tàbí ti ọ̀yà.
"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o."
Mo dáhùn. Mo ń lọ.

Ìgbà tí ọwọ́ mi kan géètì
ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn mi,
n kò sì ka ìṣísẹ̀ kankan.