Ibi Tí Ọwọ́ Gwilym Dé

Òjò Dolgellau ń lu òrùlé ọkọ̀.
Heulwen dojú bolẹ̀ lábẹ́ ibùsùn,
wáyà pupa léyín, dúdú lọ́wọ́.
Ó ti fi rọ́bà sétí ihò,
torí irin tó ń gbọ̀n lójú títì,
díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ wáyà.
Irun àgùntàn tó fi dí ògiri
ń yún un lọ́rùn.

Wọ́n ní òkè ni súìṣì ń gbé.
Apá Gwilym ò gòkè mọ́.
Ó wọn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bí aránṣọ,
ó lu ihò sí ìbámu orúnkún.

Gwilym tẹ̀ ẹ́.
Òkùnkùn.
"Háà, mo gbàgbé fíúsì!"

Nígbà tíná tàn,
ó pa á, ó tàn án, ó tún pa á.
Heulwen ò ní kó dẹ́kun.