Àmì Ìsàlẹ̀

Ọdún márùn-ún ni mo fi bá ẹ̀rọ kékeré yẹn ṣiṣẹ́
nínú gáréèjì tó fara ti ilé Morín, ní Hull,
níbi tí afẹ́fẹ́ odò ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé
bí onígbèsè tí ò fẹ́ kí wọ́n rí òun.
Àádọ́jọ pọ́n-ùn ni mo rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan
tí kò dúró gbọ́ "ẹ ṣeun" kó tó wakọ̀ lọ.
Ó yẹ kí n ti fura.

Ariwo ẹ̀!
Bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò.
Morín a gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta:
aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù nìyẹn.
Bí iṣẹ́ bá gùn, ẹ̀rọ á ṣìnà láàárín,
á bẹ̀rẹ̀ ní tààrà, á parí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
Síbẹ̀ ó bọ́ wa.
Orúkọ ọmọ iléèwé lára ìgò omi,
nọ́ńbà Dẹ́rẹ̀kì oníṣẹ́ páìpù lára fáànù funfun.
Lẹ́tà òyìnbó ò ni í lára,
òyìnbó kì í fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ lẹ́tà.

Abẹ ò mọ abẹ́.
Àmì kíún abẹ́ ẹ, abẹ́ ọ, abẹ́ ṣ:
abẹ á débẹ̀, á hú u, á gbé e lọ
bí ẹyẹ tó ṣa ọkà lẹ́nu ọ̀nà.
Èmi náà á wá a nílẹ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, lórí eékún.

Nínú oṣù Èrèlè, ìjọ wa ra bọ́ọ̀sì àlòkù.
Wọ́n ní kí n kọ ỌKỌ̀ ÌGBÀLÀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo gé e lóru, mo lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ nínú òjò,
lẹ́tà pupa, gàdàgbà gadagba.
Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo àmì ti jábọ́.
Màmá Fẹ́hìntọlá, tó ti ṣe olùkọ́ rí n'Ílá,
yọ gíláàsì ojú, ó nù ún, ó tún fi sójú.
Ó fi ìborùn bo ẹnu. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n.
"Ọmọ mi, bó bá jẹ́ oko, kò burú,
àgbẹ̀ ni baba tó bí mi.
Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ohùn òkè parí ẹ̀ ńkọ́?
Àwa obìnrin ò ní wọ bọ́ọ̀sì yẹn mọ́."

Ọjọ́ náà ni mo ka owó inú agolo bisikíìtì.
Kò pé.
Ìbídùnní ní kí n ta kẹ̀kẹ́ òun, òun ti ga jù ú lọ.
Ìyókù, mò ń san án lóṣooṣù; ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ọkùnrin méjì ló gbé tuntun wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.
Ó dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ó ga dé àyà mi.
Mo tẹ bọ́tìnì, mo ki ọrùn mọ́lẹ̀ de ariwo.
Mo rò pé ó ti kú ni.
Èémí lásán, bí ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá ẹ̀,
abẹ ń lọ, abẹ ń bọ̀,
iná pupa kan ń wojú iṣẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án.
Lọ́jọ́ kejì Morín kan ilẹ̀kùn:
òun ò gbọ́ wa lánàá, ṣé kò sí o?

N kò gé orúkọ ìjọ. N kò gé ti Dẹ́rẹ̀kì.
Àmì ìsàlẹ̀ nìkan ni mo ní kó gé,
igba, tí ò tóbi ju hóró yànmọ̀tí lọ.
Ọ̀kan ò hú.
Mo fi ìka kó mẹ́rin lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn wa,
níbi tí OSUNLEYE ti wà látọdún tí a dé,
orúkọ baba ọmọ mi, ní ìhòòhò.
Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ọn nídìí, mo lẹ èkejì, mo lẹ ẹ̀kẹta.
Ẹ̀kẹrin bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọwọ́ tèmi ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀.